Ọ́kíìdì Tí Gbòǹgbò Rẹ̀ Jẹrà: Ẹ Má Tíì Jù Ú Nù

Ọ̀rọ̀ òdòdó la fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọ̀rọ̀ owó ni.

Àwọn kan nínú wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti ní agbègbè Ìdúmọ̀tà ti ń fi òdòdó inú ìkòkò kún ọjà tí wọ́n ń tà. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ìbí, ìṣílé, kò sí èyí tí àwọn èèyàn kì í gbé òdòdó lọ mọ́. Èyí tó sì gbówó lórí nínú wọn ni èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní orchid, tí àwa ó máa pè ní ọ́kíìdì nínú ìwé yìí. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń wá nínú ìkòkò, òkè òkun ló ti ń wá. Àwọn ará Holland àti àwọn ará Taiwan ni ọ̀gá nínú gbígbìn rẹ̀ fún títà. Kọ́sítọ́mà á rà á, á gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀, inú rẹ̀ á dùn. Tó bá ṣe díẹ̀, ewé á rọ, òdòdó á rẹ̀ dànù, ó di ààtàn. Ẹni tó rà á á ní wọ́n ta òkú fún òun. Ẹni tó tà á ò ní rí oníbàárà yẹn mọ́. Tí ó bá jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀bù gan-an ni òdòdó ti rọ, owó tí a fi ra ọjà ló bá a lọ yẹn, bóyá owó tí a yá nínú ẹgbẹ́ sì ni.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń jù nù yẹn ni kò tíì kú. Gbòǹgbò wọn ló jẹrà. Omi ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe òùngbẹ.

IGI NI ILÉ RẸ̀

Ẹni tó fẹ́ wo aláìsàn sàn, ó yẹ kó mọ irú ilé tí aláìsàn ń gbé. Oríṣi ọ́kíìdì tó wà láyé ju 25,000 lọ. Àwọn kan ń hù nínú ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù, orí igi ni wọ́n ń gbé. Wọ́n á fi gbòǹgbò di ẹ̀ka igi mú, gbòǹgbò yòókù á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Òjò á rọ̀, gbòǹgbò á mu yó. Atẹ́gùn á fẹ́, gbòǹgbò á gbẹ. Bí ayé wọn ṣe rí nìyẹn, yó kí o tún gbẹ, yó kí o tún gbẹ.

Bí ẹ ṣe gbọ́ pé ohun kan ń gbé orí igi, a mọ̀ pé ọkàn yín ti lọ sọ́dọ̀ àfòmọ́. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ọ́kíìdì kì í ṣe àfòmọ́ o. Àfòmọ́ ń fa oje igi tó wà lórí rẹ̀ mu. Ọ́kíìdì ní gbòǹgbò tirẹ̀, oúnjẹ ara rẹ̀ ló ń wá. Ó dà bí ayálégbé tó gba yàrá lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí kì í bá onílé jẹun nínú ìkòkò.

Ẹ má rò pé ohun àjèjì pátápátá ni. Ọ́kíìdì kan wà nínú igbó tiwa níhìn-ín, tó máa ń jókòó sórí igi ńlá àti sórí ọ̀pẹ. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ bí ìyeyè, pẹ̀lú tóótòòtó dúdú dúdú bí awọ ẹkùn. Àwọn gbòǹgbò rẹ̀ kan máa ń dúró ṣánṣán sókè bí abẹ́rẹ́, tí wọ́n ń gba ewé gbígbẹ tó bá já bọ́, ibẹ̀ ló ti ń rí ajílẹ̀ rẹ̀. Ansellia africana ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Orúkọ John Ansell ni wọ́n fi sọ ọ́, olùtọ́jú ọgbà tó bá àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí odò Ọya ní 1841. Ìrìn àjò yẹn gan-an ni Samuel Àjàyí Crowther bá wọn lọ. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Theodor Vogel, ará Jámánì tó jẹ́ ọ̀gá Ansell, kú ní Fernando Po ní December ọdún náà. Erékùṣù yẹn, tí wọ́n ń pè ní Bioko báyìí, ni Ansell ti rí òdòdó yìí, John Lindley sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní London ní 1844.

Nítorí pé oníṣòwò la jẹ́, ẹ jẹ́ ká fi èyí kún un. Ní 1841 kan náà, ní erékùṣù Réunion, ọmọ ẹrú kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 12, Edmond Albius, ló rí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń fọwọ́ mú òdòdó fánílà so èso. Fánílà tó ń ta sánsán nínú áísìkirímù àti kéèkì, èso ọ́kíìdì ni. Ọgbọ́n ọmọ yẹn ló sọ ọ́ di ọjà káàkiri ayé, wọ́n sì ń lò ó títí dòní. Òun fúnra rẹ̀ kú nínú òṣì ní 1880.

OHUN TÓ Ń PA GBÒǸGBÒ

Ẹ wo gbòǹgbò ọ́kíìdì dáadáa. Kò rí bíi ti ata tàbí ti ẹ̀fọ́. Ó nípọn, ó sì ní aṣọ funfun kan tó wọ̀. Aṣọ yẹn dà bíi fóòmù, bí omi bá kàn án, ó ti fà á mu kíá. Nígbà tó bá gbẹ, ó máa ń funfun bí eérú. Nígbà tó bá mu omi, ẹ ó rí àwọ̀ ewé nínú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun lẹ máa fi mọ ìgbà tí omi tó àti ìgbà tí kò tó.

Gbòǹgbò yìí ń mí. Tí ẹ bá gbé e sínú iyẹ̀pẹ̀, tàbí tí ẹ bá gbé ìkòkò rẹ̀ sínú abọ́ ẹlẹ́wà tí kò ní ihò nídìí, omi á dúró síbẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlé. Gbòǹgbò á kú, àwọn kòkòrò àìfojúrí á wọ inú rẹ̀, ó sì di jíjẹrà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá lọ́júpọ̀ rèé. Nígbà tí gbòǹgbò bá ti jẹrà, kò lè gbé omi lọ sókè mọ́. Ewé á wá rọ, á hunjọ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Onílé á rí i, á ní, "Háà, mi ò tíì bu omi sí i," á tún da omi síbẹ̀. Bó ṣe ń bomi sí i ló ń pa á. Àánú ló ń ṣe onítọ̀hún o, ṣùgbọ́n àánú yẹn gan-an ni ikú òdòdó.

Ohun mìíràn tún ni pé òdòdó lè wà lórí rẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta, kó máa tàn yọ̀ọ̀, kí gbòǹgbò sì ti kú nísàlẹ̀. Oúnjẹ tó wà nínú ewé lòdòdó ń ná nígbà yẹn. Ó dà bí ọlọ́jà tó ń fi owó tó fi pilẹ̀ òwò ṣe fàájì.

Ajílẹ̀ tó pọ̀ jù náà ń jó gbòǹgbò. Omi iyọ̀ náà ń jó o, a ó tún padà sórí ìyẹn, torí ó kan àwa ará Ìsàlẹ̀ Èkó gan-an.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má fà á tipátipá, ẹ rẹ ìkòkò náà sínú omi fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á tú fúnra rẹ̀. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà nídìí rẹ̀ dànù, pàápàá ohun rírọ̀ tó dà bí òwú tutù tí wọ́n máa ń dì sí i láàárín láti òkè òkun. Ibẹ̀ ni omi máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ wá fi omi tó mọ́ ṣan gbòǹgbò.

Ẹ fi ìka tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó le, tó kún, ó wà láàyè. Èyí tó rọ̀ bí ẹ̀kọ òrúmọ́jú, tó pọ́n dúdú, tí èèpo rẹ̀ ń bọ́ tó sì ku fọ́nrán bí òwú ìránṣọ, ó ti kú. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan níbí yìí. Gbòǹgbò tó wà ní ìsàlẹ̀ ìkòkò tí ìmọ́lẹ̀ ò kàn lè pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kó má sì ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Àwọ̀ nìkan kọ́ la fi ń dá ẹjọ́, ìka la fi ń tẹ̀ ẹ́. A ti rí ẹni tó gé gbòǹgbò rere dànù torí pé kò funfun.

Èyí tó ti kú, ẹ gé e kúrò títí dé ibi tó le. Abẹ fẹ́lẹ́ tuntun ló dáa jù. Tó bá jẹ́ sísọ́ọ̀sì, ẹ fi iná jó ẹnu rẹ̀ tàbí kí ẹ fi sípírítì nù ún, kí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fi kan òmíràn. Àrùn wà tó ń ti ara ọ̀kan bọ́ sí ara ìkejì láti ẹnu abẹ, kò dẹ̀ sí oògùn rẹ̀. Ẹni tó ní ogún ìkòkò tó sì fi abẹ kan gé gbogbo wọn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó àrùn ran gbogbo ọjà rẹ̀.

Ẹ gún èédú kúnná, kí ẹ fi díẹ̀ kan ojú ibi tí ẹ gé. Ẹ gbé e síbi tí òòrùn ò dé, kí ó wà ní gbangba báyìí láìsí nínú ìkòkò títí di ọjọ́ kejì. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé á gbẹ. Kò ní gbẹ láàárín ọjọ́ kan, ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ jiná ná. Tí òdòdó bá ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ gé ọ̀pá òdòdó náà, kí ẹ fi sínú ìgò omi lórí tábìlì, ẹ ó ṣì gbádùn rẹ̀ níbẹ̀. A mọ̀ pé ó dun èèyàn. Ṣùgbọ́n aláìsàn ò lè máa gbé ẹrù.

Nípa ìkòkò, kékeré ni kí ẹ lò, èyí tí gbòǹgbò tó kù á kàn gbà. Ìkòkò ńlá máa ń pa omi mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìkòkò amọ̀ tí a lu ihò sí nídìí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ dára púpọ̀, rọ́bà tó mọ́ gaara náà dára, torí ẹ ó máa rí gbòǹgbò láti ìta. Ẹ má fi iyẹ̀pẹ̀ sí i rárá. Ẹ má sì fi lẹ́búlẹ́bú igi sí i. Èédú tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ìka àtàǹpàkò, àti èèpo ẹ̀yìn àgbọn tí a gé kéékèèké, ohun tí a nílò nìyẹn. Méjèèjì ò wọ́n lọ́dọ̀ wa. Èédú wà káàkiri ọjà, èèpo àgbọn sì rèé, ohun tí àwọn tó ń ta àgbọn ń kó dànù ni. Ṣùgbọ́n àgbọn etí òkun, irú èyí tó ń ti ọ̀nà Àgbádárìgì wá, iyọ̀ lè wà nínú èèpo rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ tún rẹ ẹ́, títí omi á fi mọ́. Ẹ má fo èyí o.

Ẹ wá gbé òdòdó náà sínú ìkòkò, kí ìdí ewé wà lókè, kó má rì wọlé. Ẹ fi ọ̀pá kékeré ti i, kí ẹ fi okùn rírọ̀ dè é kó má mì. Ẹnu gbòǹgbò tuntun ò le rárá, bí òdòdó bá ń mì jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́, á máa kán an ni.

OMI ÌSÀLẸ̀ ÈKÓ

Ẹni tó bá gbé erékùṣù Èkó pẹ́ mọ̀ pé omi kànga wa kì í ṣe omi tí èèyàn ń mu gbádùn. Ọ̀sà yí wa ká, iyọ̀ sì máa ń wọ inú rẹ̀. Kí omi ẹ̀rọ Ìjù tó dé Èkó ní 1915, òjò tí a gbè sínú àmù ni ọ̀pọ̀ agboolé fi ń gbayì. Ọ́kíìdì gbà pẹ̀lú àwọn àgbà wọ̀nyẹn, omi òjò ló fẹ́ràn jù. Kì í ṣe òjò àkọ́rọ̀ o, torí eruku ọyẹ́ àti ìdọ̀tí orí páànù ló ń fọ̀ wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta kí ẹ tó gbè é. Tí kò bá sí òjò, omi ẹ̀rọ tí a bù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́jú láìdé e náà á ṣe é. Èyí tí ẹ bá rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lẹ́nu. Bí ó bá ní iyọ̀ lára, ẹ fi fọ ilẹ̀. Ẹ ó mọ̀ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù tí nǹkan funfun bíi ẹfun bá ń lẹ̀ mọ́ ara èédú àti etí ìkòkò.

Èló lomi? Tí gbòǹgbò rere bá ṣì pọ̀, ẹ da omi sí i títí á fi máa ṣàn jáde nísàlẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó ro tán, kí ẹ má sì tún fọwọ́ kàn án títí gbòǹgbò á fi funfun padà. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ojú ọjọ́ ló máa sọ. Kò sí pé "gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ń bomi sí tèmi." Tí gbòǹgbò tó kù ò bá ju ẹyọ kan sí méjì lọ, ẹ máa wọ́n omi díẹ̀ sí ìdí rẹ̀ láàárọ̀. Àárọ̀ ni o, kì í ṣe alẹ́. Omi ò sì gbọdọ̀ dúró sí àárín ewé lókè. Tó bá wọ ibẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ fà á kúrò.

Tí kò bá sí gbòǹgbò kankan mọ́, àmọ́ tí ewé ṣì le, ìrètí ṣì wà. Ẹ gbé e sókè èèpo àgbọn tútù, kí ìdí rẹ̀ má kàn án tán, kí ẹ fi náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara bò ó, kí ẹ sì máa ṣí i lójoojúmọ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ní Èkó tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀, ìgbà ọyẹ́ tàbí inú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ni a sábà máa ń nílò náílọ́ọ̀nù yìí. Ẹ̀rọ yẹn ò bá a lára mu rárá, ó ń fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ooru wa kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Àwọn tó wọ́pọ̀ jù nínú ìkòkò, Philippines àti Indonesia ni ìdílé wọn ti wá, ibẹ̀ náà gbóná bí ọ̀dọ̀ wa.

Ibi tí a ó gbé e sí ló ṣòro ní Ìsàlẹ̀ Èkó, torí ilé fún mọ́ra. Bákónì tí òòrùn àárọ̀ ń tàn sí fún wákàtí kan sí méjì dára. Abẹ́ páànù lọ́sàn-án kò dára, ó ń se ewé ni. Ní June, nígbà tí òjò ò fẹ́ dá mọ́, ẹ gbé e kúrò níbi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ á ti máa ro sí i lórí.

SÙÚRÙ, ÀTI ÌGBÀ TÓ YẸ KÍ A JÁWỌ́

Ẹ má fi ajílẹ̀ sí i. A mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín. Kò tíì sí ẹnu tó máa fi jẹ ẹ́. Nígbà tí gbòǹgbò tuntun bá gùn tó oríkèé ìka kan, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá mẹ́rin ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì.

Gbòǹgbò tuntun lè gba oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó yọ, ẹnu rẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀ bí ewé tuntun. Ewé àtijọ́ tó ti hunjọ lè má padà sípò láéláé, ẹ má fi ìyẹn ṣe ìdíwọ̀n. Ewé tuntun ni kí ẹ máa wò. Kó tó tún yọ òdòdó, ó lè ju ọdún kan lọ.

Àwọn kan wà tí kò ní jí. Irú èyí tí wọ́n ń tà jù, ẹnu kan ṣoṣo ló fi ń dàgbà, ní àárín ewé lókè. Bí ibẹ̀ bá ti dúdú tó sì ń rùn, ẹ má da ọjọ́ nù lórí rẹ̀, ẹ sì má jẹ́ kó wà nítòsí àwọn yòókù. Àwọn tó ní ọ̀pá púpọ̀ bí ìrèké kéékèèké, bíi ti Ansellia wa, ìyẹn lágídí. Bí ọ̀pá kan bá kú, òmíràn lè rú láti ìdí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń rà láti tún tà, ẹ má fi ojú òdòdó yan ọjà mọ́. Ẹ gbé ìkòkò sókè, kí ẹ wo gbòǹgbò láti ara rọ́bà, kí ẹ fi ọwọ́ mì í díẹ̀. Èyí tó bá ń mì bí eyín ọmọdé, gbòǹgbò rẹ̀ ti lọ. Èyí tí òdòdó ò tíì là tán, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì kún, òun lẹ máa rà, kódà bí kò bá lẹ́wà tó ìkejì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé kí ẹ máa gba ti inú igbó torí pé kò wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń já a ni gbòǹgbò rẹ̀ ń ya, ó sì ń tán lọ nínú igbó. Gbogbo ọ́kíìdì ló wà nínú àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ti inú igbó kọjá ẹnubodè láìní ìwé àṣẹ ń fi ọjà rẹ̀ ṣeré.

Èyí tó bá ń gbádùn bọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ yà á sọ́tọ̀ sórí pẹpẹ tirẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gé gbòǹgbò rẹ̀ sára ọ̀pá tó tì í. Bí kọ́sítọ́mà bá ní òun fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ohun tó ti ṣe é fún un, kí ẹ sì dín owó rẹ̀ kù.